Ta Ló Ni Ọjọ́ Kọnfokéṣọ̀n? Ìdáhùn Sí Lẹ́tà Yín

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin olùkàwé wa. Lóṣù tó kọjá mo kàn fẹnu bà á níbí pé ọ̀rọ̀ táwọn àlejò pàtàkì ń sọ níbi kọnfokéṣọ̀n ti ń sú èèyàn, àfi bíi pé mo fọwọ́ kan ilé agbọ́n. Lẹ́tà ń wá láti Lafẹ́nwá, láti Ọ̀bàntokò, láti Kútọ̀, ti orí WhatsApp ò tiẹ̀ lóǹkà. Mo mú márùn-ún nínú ẹ̀, mo gé àwọn tó gùn kúrú díẹ̀, ẹ má bínú.

*Àǹtí wa, ẹ kú iṣẹ́. Ọmọ mi obìnrin ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní yunifásítì kan ní Amẹ́ríkà. Èmi àti bàbá ẹ̀ ò rí físà gbà, la bá jókòó sílé à ń wò ó lórí fóònù. Bí ọkùnrin olóṣèlú tí wọ́n pè ṣe di máíkì mú báyìí, làwọn ọmọ kan bá dìde, wọ́n kẹ̀yìn sí i. Mo wò ó dáadáa, ọmọ tèmi wà níbẹ̀! Ojú tì mí, bàbá ẹ̀ pa fóònù. Ọmọ tí mo kọ́ pé kó máa kúnlẹ̀ kí èèyàn. Ṣé mi ò kọ́ ọ dáadáa ni? — Ìyá Ọlọ́mọ, Àdàtán*

Ìyá wa, ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ kí yín kú oríire, torí mo ka lẹ́tà yín lẹ́ẹ̀mejì, mi ò rí ibi tẹ́ ẹ ti sọ pé inú yín dùn. Ọmọ jáde o! Ọlọ́run á jẹ́ kẹ́ ẹ jèrè ẹ̀.

Mo mọ ohun tó dùn yín. Lọ́dọ̀ tiwa, kéèyàn kẹ̀yìn sí àgbà tó ń sọ̀rọ̀, ó ju èébú lọ. Èmi náà, ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí irú ẹ̀ nínú fídíò, ohun tó jáde lẹ́nu mi ni pé "àwọn ọmọ wo rèé?" Àmọ́ mo wá lọ wádìí ìdí ọ̀rọ̀, ọkàn mi sì yí padà, ẹ jẹ́ n sọ ọ́ fún yín bó ṣe jẹ́.

Ní May 2017, Bethune-Cookman University tó wà ní Daytona Beach, ní ìpínlẹ̀ Florida, pe Betsy DeVos wá bá àwọn tó ń jáde sọ̀rọ̀, òun ló wà nípò tá a máa pè ní mínísítà ètò ẹ̀kọ́ lọ́dọ̀ tiwa nígbà yẹn. Yunifásítì aláwọ̀ dúdú nìyẹn o. Obìnrin kan tó ń jẹ́ Mary McLeod Bethune, tí bàbá ẹ̀ àti ìyá ẹ̀ ti ṣe ẹrú rí, ló dá a sílẹ̀ ní 1904 pẹ̀lú dọ́là kan àtààbọ̀ àti ọmọbìnrin márùn-ún. Ìdí tí irú ilé ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ fi wà ni pé àwọn òyìnbó ò jẹ́ kí ọmọ aláwọ̀ dúdú wọ tiwọn. Àmọ́ ní February ọdún 2017 yẹn kan náà, DeVos ti gbé ọ̀rọ̀ kan jáde pé àwọn yunifásítì aláwọ̀ dúdú wọ̀nyí ni aṣíwájú nínú ọ̀rọ̀ kí òbí máa yan ilé ẹ̀kọ́ tó bá wù ú, bíi kí wọ́n tilẹ̀kùn mọ́ èèyàn síta lóru, kẹ́nì kan wá máa yìn ín láàárọ̀ pé ó mọ ibi tó dáa láti sùn. Kò tíì pé oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà tí wọ́n fi wá gbé òun náà síwájú ọmọ àwọn tí wọ́n tilẹ̀kùn mọ́ ọ̀hún, lọ́jọ́ tí wọ́n wọ gáùn. Àwọn ọmọ hó lé e lórí, ọ̀pọ̀ wọn dìde, wọ́n kẹ̀yìn sí i. Ọ̀gá yunifásítì gba máíkì, ó ní tí wọn ò bá dákẹ́, àwọn á kúkú fi dìgírì wọn ránṣẹ́ sí wọn nílé. Ẹ gbọ́ ná, sí ọmọ tí òbí ẹ̀ jókòó síbẹ̀! Gbólóhùn yẹn dùn mí ju ariwo àwọn ọmọ lọ, torí ńṣe ló dà bíi pé dìgírì jẹ́ ohun tí wọ́n fi ta wọ́n lọ́rẹ, tí wọ́n sì lè gbà padà.

Mi ò fọwọ́ sí híhó o. Ariwo máa ń gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹni tó ń sọ̀rọ̀, ó sì tún máa ń gba ọjọ́ lọ́wọ́ ìyá àgbà tó ti ọ̀nà jíjìn wá wo ọmọ ọmọ ẹ̀. Àmọ́ kéèyàn dìde jẹ́ẹ́, kó kẹ̀yìn, kó má ba nǹkan kan jẹ́, ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ń sọ̀rọ̀ ẹ̀ lọ, ẹni tó fẹ́ gbọ́ ń gbọ́, èyí yàtọ̀. Ará Abẹ́òkúta ni wá. Àwọn ìyá wa ló kó ara wọn jọ síwájú ààfin Aké ní 1947 nítorí owó orí, tí wọ́n sun ibẹ̀ tí wọ́n jí ibẹ̀, tí wọ́n ń kọrin, Ìyáàfin Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti wà níwájú wọn, wọn ò sì jáwọ́ nínú ọ̀rọ̀ náà títí Aláké fi kúrò lórí oyè ní January 1949. Kó tó di pé ẹgbẹ́ àwọn ìyá yẹn ń bá ìjọba fà á, kíláàsì tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn ìyá ọlọ́jà láti mọ̀wé kà wà lára ibi tó ti bẹ̀rẹ̀. Mi ò tíì gbọ́ ọ kẹ́nì kan sọ lónìí pé àwọn ìyá yẹn ò lẹ́kọ̀ọ́ ilé.

Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ ṣe ni pé kẹ́ ẹ pe ọmọ yín, ẹ má pariwo, ẹ kí i kú oríire ná, kẹ́ ẹ wá bi í pé kí lọkùnrin yẹn ṣe. Tó bá lè sọ ohun tó ṣe fún yín ní pàtó, ọjọ́ báyìí, ibi báyìí, àwọn èèyàn báyìí ló ni lára, ẹ jẹ́ kí bàbá ẹ̀ gbọ́, ẹ ti kọ́ ọ dáadáa. Tó bá jẹ́ pé àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ dìde lòun náà fi dìde, ẹ bá a wí dáadáa.

*Àǹtí, mo jáde lọ́dún tó kọjá. Ẹni tí wọ́n pè wá bá wa sọ̀rọ̀ lo bíi wákàtí kan tó ń ka títì tí ẹgbẹ́ òṣèlú ẹ̀ ṣe àti bí wọ́n ṣe máa wọlé nínú ìbò tó ń bọ̀, kò dárúkọ iṣẹ́, kò dárúkọ àwa gan-an. Nígbà tó yá wọ́n ní kí ẹ̀ka tiwa dìde, a dìde, wọ́n ní a ti gba dìgírì, wọ́n ní ká jókòó. Ó parí. Kọ́ọ̀sì ọdún mẹ́rin ni mo fi ọdún mẹ́fà ṣe. Ṣé kò yẹ kí wọ́n ṣòfin pé olóṣèlú ò gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀ níbi kọnfokéṣọ̀n mọ́? — Ọmọ Tó Jáde, Ọ̀bàntokò*

Ọmọ mi, o kú ìrọ́jú. Ọdún méjì tó lé yẹn, gbogbo òbí tó lọ́mọ ní yunifásítì ìjọba mọ ibi tó wọlé sí, ìyanṣẹ́lódì ASUU ti 2020 gba oṣù mẹ́sàn-án, ti 2022 tún gba mẹ́jọ. Ẹni tó bá fẹ́ bá ẹ sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ yẹn, ibẹ̀ ló yẹ kó ti bẹ̀rẹ̀.

Ó ṣẹlẹ̀ sí èmi náà. Lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn mo lọ síbi kọnfokéṣọ̀n ọmọ mi ọkùnrin, mi ò ní dárúkọ ilé ẹ̀kọ́ ọ̀hún. Aago mẹ́fà àárọ̀ la ti gbéra, kúlà ìrẹsì wà ní búùtù, àdìrẹ tuntun tí mo rà ní Ìtòkú wà lára mi, gèlè mi dúró. Wọ́n kó àwa òbí sábẹ́ kánọ́pì tó wà lẹ́yìn pátápátá. Oòrùn ń yí, kánọ́pì ò yí, nígbà tó fi máa di aago mọ́kànlá, orí ìlà iwájú nìkan ni ibòji ṣẹ́ kù sí. Sípíkà ò dé ọ̀dọ̀ wa, ó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó wà nínú kànga. Àlejò pàtàkì ò wá fúnra ẹ̀, ó rán aṣojú. Aṣojú ń ka ìwé tí wọ́n tẹ̀ fún un, ó kà á, ó kà á, ó dé ibì kan, ó tún padà ka ojú ewé tó ti kà tẹ́lẹ̀. Òun fúnra ẹ̀ ò mọ̀. Gbogbo àwọn tó jókòó sórí pèpéle pẹ̀lú agbádá ò mọ̀. Ìyá kan tó jókòó tì mí, tó ń fi ìwé ètò fẹ́ ara ẹ̀, ló yíjú sí mi tó ní, "Ṣebí ó ti sọ èyí tán?" Ìyá yẹn ò fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ òyìnbó o. Òun ló fetí sílẹ̀ jù níbẹ̀.

Wọ́n wá ní kí ẹ̀ka ọmọ mi dìde. Mo dìde lórí ìjókòó mi, mo na ọrùn, fìlà dúdú ló kún gbogbo ibẹ̀, mi ò mọ èwo ni tiẹ̀. Kí n tó rí i, wọ́n ti jókòó. Ṣe lọmọ ń sáré lẹ́yìn ìyẹn torí gáùn tó háyà, wọ́n ní ó gbọ́dọ̀ dá a padà kí aago mẹ́rin tó lù, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ wọ́n á yọ nínú owó ẹ̀. Fọ́tò kan ṣoṣo tó dáa la rí yà, ó wà ní pálọ̀ mi, ojú ọmọ ti rẹ̀ ẹ́ níbẹ̀.

Torí náà mo mọ ohun tó ń dùn ẹ́. Síbẹ̀ mi ò ní bá ẹ tọwọ́ bọ òfin yẹn. Àkọ́kọ́, kò lè ṣeé ṣe bá a ṣe wà yìí, torí Ààrẹ ni Visitor, ìyẹn ẹni tó dúró fún ìjọba tó ni ín, fún gbogbo yunifásítì ìjọba àpapọ̀, gómìnà sì ni ti yunifásítì ìpínlẹ̀, ìjọba ti ní àga tiẹ̀ lórí pèpéle yẹn kí wọ́n tó pe àlejò kankan. Ìkejì ló sì wà lọ́kàn mi jù. Ọ̀rọ̀ òṣèlú fúnra ẹ̀ kọ́ ló ń ba ọjọ́ yẹn jẹ́. Ní June 1947, George Marshall, tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè fún ìjọba Amẹ́ríkà, dìde níbi ìjáde àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Harvard, ọ̀rọ̀ ẹ̀ ò tó ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ó ṣàlàyé pé ebi ń pa Yúróòpù lẹ́yìn ogun, pé àgbẹ̀ ń kórè, ará ìlú ńlá ò rí nǹkan tó máa fi rà á lọ́wọ́ ẹ̀, pé ó yẹ kí Amẹ́ríkà ràn wọ́n lọ́wọ́. Ibẹ̀ lohun tí wọ́n ń pè ní Marshall Plan ti bẹ̀rẹ̀, nǹkan bíi bílíọ̀nù mẹ́tàlá dọ́là ni wọ́n ná. Ní June 1963 bákan náà, Ààrẹ Kennedy lọ sí American University ní Washington, ó kéde níwájú àwọn ọmọ tó ń jáde pé àwọn fẹ́ bá Rọ́ṣíà jókòó lórí ọ̀rọ̀ bọ́ǹbù átọ́míìkì, àti pé Amẹ́ríkà ò ní kọ́kọ́ dán an wò nínú afẹ́fẹ́ mọ́ bí àwọn yòókù náà bá jáwọ́. Nígbà tó máa fi di August, wọ́n ti tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn. Kí ló tún wá ṣe òṣèlú jùyẹn lọ? Àmọ́ ẹ wo ohun tí wọ́n ṣe. Wọ́n gbé ọ̀rọ̀ tó wúwo jù lọ́wọ́ wọn wá síwájú àwọn ọmọ, wọ́n kà wọ́n sí ẹni tó lè gbọ́ ọ. Ẹni tó wá bá tiyín ò gbé nǹkan kan wá, ìbò ló wá tọrọ, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wọ gáùn ló sì fi ṣe ọ̀ṣọ́ fọ́tò ẹ̀.

Ibi tí mo ti lè bá ẹ wá òfin ni ọ̀rọ̀ oyè ọ̀mọ̀wé ẹ̀yẹ, torí ẹnu ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ wọn ń gbà wọlé nìyẹn. Ní 2012 àwọn VC yunifásítì ilẹ̀ wa péjọ ní Keffi, ní ìpínlẹ̀ Nasarawa, wọ́n fẹnu kò pé àwọn ò ní máa fún ẹni tó ṣì wà nípò ìjọba ní oyè yẹn mọ́, ẹni tó bá sì gbà á ò gbọ́dọ̀ máa fi Dókítà ṣáájú orúkọ ẹ̀. Ìpinnu tó dáa gan-an, àmọ́ ọ̀pọ̀ ò tẹ̀ lé e, ẹ sáà wo pátákó ìpolongo ìbò lójú títì.

Ohun tó wà lọ́wọ́ yín láti ṣe rèé. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti jáde, ẹ kọ lẹ́tà sí ìgbìmọ̀ tó ń ṣètò kọnfokéṣọ̀n, ẹ má bú ẹnikẹ́ni, ẹ béèrè nǹkan méjì péré fáwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn: kí wọ́n fún àlejò ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí àkókò tó bá ṣẹ́ kù sì lọ sórí orúkọ. Tí èrò bá pọ̀ jù láti ka gbogbo ẹ̀ ní gbàgede, kí dípátímẹ́ǹtì kọ̀ọ̀kan kó ọmọ tiẹ̀ jọ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, kí wọ́n pe ọmọ kọ̀ọ̀kan lórúkọ àti orúkọ bàbá ẹ̀, kó rìn jáde, kí ìyá ẹ̀ rí i.

*Màdáámú, kí ló burú nínú ohun tí agbábọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà yẹn sọ ní 2024, pé kí obìnrin ka ọkọ àti ọmọ sí pàtàkì? Ṣebí ohun táwọn bàbá wa ń sọ náà nìyẹn. — Bàbá Ìbejì, Lafẹ́nwá*

Bàbá Ìbejì, ẹ jẹ́ káwọn tí ò gbọ́ mọ̀ ọ́n. Harrison Butker lorúkọ ẹ̀, ó ń gba bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ ti Amẹ́ríkà, èyí tí wọ́n ń fọwọ́ gbé, fún Kansas City Chiefs. Benedictine College, ilé ẹ̀kọ́ Kátólíìkì ní Kansas, ló pè é ní May 2024. Ó sọ fáwọn obìnrin tó ń jáde pé àwọn gan-an ni wọ́n ti parọ́ fún jù, pé òun gbà pé ìgbéyàwó àti ọmọ tí wọ́n máa bí ló ń dùn mọ́ ọ̀pọ̀ nínú wọn ju iṣẹ́ ọwọ́ wọn lọ. Ọ̀pọ̀ èèyàn dìde pàtẹ́wọ́ fún un níbẹ̀, òótọ́ ni. Àmọ́ àwọn sísítà ìjọ Benedictine, tó wà lára àwọn tó dá ilé ẹ̀kọ́ náà sílẹ̀, kọ̀wé jáde pé ọ̀rọ̀ yẹn kì í ṣe tiwọn. Obìnrin tí ò lọ́kọ, tí ò bímọ, tó fi gbogbo ayé ẹ̀ kọ́ ọmọ ọlọ́mọ níwèé, ló wà nídìí ilé ẹ̀kọ́ tó ti dúró tó ń sọ̀rọ̀ yẹn.

Ilé ọkọ dáa, èmi náà ń gbé ibẹ̀. Ọjọ́ tó yàn ni mo ń bá a jà lé lórí. Ó dà bíi kí wọ́n pè yín síbi ìṣílé ẹni tó fi ogún ọdún kọ́lé, kẹ́ ẹ wá dìde kẹ́ ẹ ní ilẹ̀ oko ló yẹ kó rà. Mélòó nínú wa ní Abẹ́òkúta yìí ló jẹ́ pé owó àdìrẹ tí ìyá ẹ̀ ń tà ló fi jáde ìwé mẹ́wàá? Ẹ bi ìyá àwọn ìbejì yín léèrè.

*Ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣé wọ́n máa ń sanwó fáwọn tó ń sọ̀rọ̀ yìí? Àti pé ṣé kì í ṣe pé àwọn ọmọ ìwòyí ò fẹ́ gbọ́ ohun tí ò bá tiwọn mu ni? Nígbà tiwa, a máa ń jókòó gbọ́ ọ ni. — Tíṣà Tó Ti Fẹ̀yìn Tì, Ìjẹmọ̀*

Tíṣà wa, ẹ kú ọjọ́ pípẹ́. Àwọn kan ń gbà á, àwọn kan ò gbà. Rutgers, yunifásítì ìjọba ní New Jersey, fún Toni Morrison, òǹkọ̀wé tó gba ẹ̀bùn Nobel, ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgbọ̀n dọ́là láti sọ̀rọ̀ níbi ìjáde wọn ní 2011. Lọ́dún yẹn kan náà, ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ṣètò fàájì níbẹ̀ san ẹgbẹ̀rún méjìlélọ́gbọ̀n fún Snooki, ọmọbìnrin kan tó lókìkí lórí tẹlifíṣọ̀n, pé kó wá bá wọn ṣeré. Ó dùn mí nígbà tí mo kà á.

Rutgers yẹn náà ló pe Condoleezza Rice, tó bójú tó ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè fún Amẹ́ríkà nígbà ìjọba Bush, ní 2014, ẹgbẹ̀rún márùndínlógójì dọ́là ni wọ́n fẹ́ fún un. Àwọn olùkọ́ àtàwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan ní ọwọ́ ẹ̀ wà nínú ogun Iraq, wọ́n fẹ̀hónú hàn, òun fúnra ẹ̀ wá yẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, gómìnà àná kan, Tom Kean, ló gba ipò ẹ̀. Lóṣù May yẹn náà Christine Lagarde, tó jẹ́ ọ̀gá IMF nígbà yẹn, yẹ ti Smith College sílẹ̀. Ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kan tó ń jẹ́ Haverford, Robert Birgeneau ni wọ́n fẹ́ gbà lálejò, òun ló wà nípò ọ̀gá ní yunifásítì Berkeley ní California nígbà táwọn ọlọ́pàá fìyà jẹ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń fẹ̀hónú hàn níbẹ̀ ní 2011. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kọ ohun mẹ́sàn-án ránṣẹ́ sí i pé kó ṣe kó tó lè wá láìsí wàhálà, ó ní òun ò wá mọ́. William Bowen tó wá sọ̀rọ̀, ọ̀gá Princeton tẹ́lẹ̀ rí, bá àwọn ọmọ yẹn wí lójú gbogbo èèyàn, ó ní ìwà ìgbéraga àti àìdàgbà ni.

Níbi Haverford yìí, mo gbè sẹ́yìn yín, Tíṣà. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Ẹ jẹ́ kó wá, ẹ bi í ní gbangba ohun tó ṣe lọ́jọ́ yẹn, ẹ wo ojú ẹ̀ bó ṣe ń dáhùn. Ẹni tó yẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ ò dá ẹnikẹ́ni lóhùn. Àmọ́ ẹ má di gbogbo ẹrù lé àwọn ọmọ lórí. Ní April 2024, University of Southern California ní ọmọbìnrin Mùsùlùmí tí wọ́n fúnra wọn yàn pé kó sọ̀rọ̀ fún ẹgbẹ́ ẹ̀, torí ìwé ẹ̀ dáa, kò ní sọ̀rọ̀ mọ́, wọ́n ní nítorí ààbò. Ohun tó ti gbé sórí íntánẹ́ẹ̀tì nípa Palestine làwọn kan ń bínú sí. Kò pẹ́ ni wọ́n fagi lé ayẹyẹ ńlá tó yẹ kó kó gbogbo àwọn tó ń jáde jọ. Àgbà ló ṣe ìyẹn. Ọmọ tó kàwé títí wọ́n fi ní kó wá sọ̀rọ̀, wọ́n tún wá gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹ̀. Mo ní ọmọbìnrin nílé, n kì í lè rò ó lẹ́ẹ̀mejì.

*Ẹ kú iṣẹ́ Àǹtí. Télọ̀ ni mí, mi ò lọ yunifásítì. Ilé ìwé girama tí mo ti jáde ní kí n wá bá àwọn ọmọ SS3 tó ń jáde sọ̀rọ̀. Ẹ̀rù ń bà mí. Ẹnì kan tó fẹ́ dupò nínú ìjọba ìbílẹ̀ tún ti gbọ́, ó ní òun á bá wọn ra kéèkì tí mo bá dárúkọ òun. — Télọ̀, Pánṣẹ́kẹ́*

Télọ̀ wa, ẹ kú oríire. Ẹ má dárúkọ ẹ̀. Tó bá fẹ́ ra kéèkì fáwọn ọmọ, ó mọ ibi tí géètì ilé ìwé wà, kó gbé e lọ síbẹ̀, kó kí wọn, kó máa lọ.

Ti pé ẹ ò lọ yunifásítì, ẹni tí wọ́n ṣì ń sọ̀rọ̀ ẹ̀ jù nínú gbogbo àwọn tó ti sọ̀rọ̀ níbi ìjáde ní Amẹ́ríkà, Steve Jobs ti Apple, ní Stanford ní 2005, kò parí yunifásítì. Ohun tó sì kọ́kọ́ sọ fún wọn nìyẹn. Ìtàn mẹ́ta ló sọ, ó ní kò ju bẹ́ẹ̀ lọ, ìtàn ìgbésí ayé ẹ̀, títí kan bí wọ́n ṣe lé e kúrò ní iléeṣẹ́ tóun fúnra ẹ̀ dá sílẹ̀. Ẹni kejì tí mo fẹ́ràn ni Robert F. Smith, olówó aláwọ̀ dúdú kan, tó ń bá àwọn ọmọ bí irínwó sọ̀rọ̀ ní Morehouse College ní Atlanta ní May 2019, ọ̀rọ̀ ń lọ, ló bá ní ìdílé òun máa san gbèsè owó ilé ìwé gbogbo ẹ̀yin tẹ́ ẹ jókòó síbí. Nǹkan bíi mílíọ̀nù mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n dọ́là ló padà jẹ́. Ẹ̀yin ò lówó yẹn, èmi náà ò ní in, àmọ́ ẹ wò ó pé ó ti rò ó pé kí ló ń dùn wọ́n kó tó dé ibẹ̀. Ìyẹn ò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀.

Ẹ bá tíṣà wọn sọ̀rọ̀ ṣáájú, kẹ́ ẹ mọ iye tó ti gba ibi iṣẹ́ ọwọ́ nínú wọn, iye tó ń retí JAMB, ẹni tí òbí ẹ̀ kú nínú ọdún. Lọ́jọ́ náà, ẹ mú aṣọ kan dání, aṣọ àkọ́kọ́ tẹ́ ẹ bà jẹ́ fún oníbàárà tẹ́ ẹ bá ṣì ní in, tàbí kẹ́ ẹ gé irú ẹ̀ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Ẹ na ibi tẹ́ ẹ ti ṣì í gé sókè, kí wọ́n rí i, ẹ sọ bẹ́ ẹ ṣe san án padà. Èdè tó bá yá lẹ́nu yín ni kẹ́ ẹ fi sọ ọ́. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ti tó.

Ẹ tètè débẹ̀ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á ní kẹ́ ẹ wá jókòó sórí pèpéle, ẹ sọ pé ẹ̀ ń bọ̀. Ẹ kọ́kọ́ lọ jókòó lẹ́yìn lábẹ́ kánọ́pì lọ́dọ̀ àwọn ìyá, kẹ́ ẹ gbọ́ bóyá sípíkà ń dé ibẹ̀.